Ta Ni Yóò Gbé Ọmọ Lóru? Ọ̀rọ̀ lórí Ìgbéyàwó Lẹ́yìn Ọmọ Tuntun ní Ilé-Ifẹ̀

Ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, kó má wulẹ̀ dìde jáde. Ẹkún ọmọ kò lè ba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí jẹ́, òun gan-an ló bí i.

Bí ìjà bá dé sáàárín ọkọ àti ìyàwó lẹ́yìn ìbímọ, ìwà ni gbogbo wa máa ń dá lẹ́bi. A ó ní obìnrin náà ti ń gbéra ga, pé ọmọ ló gbà á lọ́kàn tí kò fi ka ọkọ sí mọ́. A ó ní ọkùnrin náà kò láàánú, tàbí pé ó ti rí ẹlòmíràn níta. Ẹjọ́ á dé iwájú àwọn òbí, á dé iwájú pásítọ̀ tàbí ààfáà, wọn á sì ní kí wọ́n ní sùúrù. Èmi kò kọ sùúrù. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ilé tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń ṣẹlẹ̀, ẹni méjì tí oorun ń pa ni a ń bá wí, iṣẹ́ tó yẹ kí èèyàn mẹ́fà pín ló sì wà lọ́rùn wọn. Ètò ló kọ́kọ́ bàjẹ́ kí ìwà tó bàjẹ́. A tú ètò àwọn baba ńlá wa ká, a kò sì to òmíràn dípò rẹ̀.

Ẹ wo agbo ilé àtijọ́ ní Ìlódè, ní Mọ̀ọ́rè, ní Ìrẹmọ. Bí obìnrin bá bímọ, àwọn obìnrin ilé á ti gbé omi kaná kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹnì kan á wẹ ọmọ, á fi kàn-ìn-kàn-ìn àti ọṣẹ bó o, á fi òrí tàbí àdín pa á lára, á na apá, á na ẹsẹ̀. Ẹlòmíràn á mójú tó ìyá, á fi aṣọ tó rì bọ omi gbígbóná tẹ ikùn rẹ̀, á di ọ̀já mọ́ ọn. Ẹ̀kọ gbígbóná àti ọbẹ̀ tó ta yẹ́rẹ́ á ti máa bọ̀ láti ìdáná ìyálé. Ìyá ìyàwó á dé pẹ̀lú ẹrù rẹ̀, kò sì ní í lọ kíákíá. Ìyá ọmọ ní yàrá tirẹ̀. Ọkọ kì í sí nínú yàrá yẹn lóru, nítorí náà kò sí ẹni tó ń bínú sí i pé ó ń sùn.

Ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ pàápàá ní òfin. Lọ́dún 1977, John Caldwell àti Pat Caldwell tẹ ìwádìí kan jáde lórí bí tọkọtaya Yorùbá ṣe ń ya ara wọn sọ́tọ̀ lẹ́yìn ìbímọ, ọ̀mọ̀wé Lawrence Adeokun tiwa ní Yunifásítì Ifẹ̀ sì kọ lórí ọ̀rọ̀ kan náà lọ́dún 1983. Nínú àṣà àtijọ́, ó máa ń tó nǹkan bí ọdún mẹ́ta kí ọkọ tó padà sọ́dọ̀ ìyàwó tó ń tọ́mọ. Ìgbàgbọ́ àwọn àgbà ni pé àtọ̀ á ba omi ọmú jẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ ní ti ìmọ̀ ìṣègùn, ṣùgbọ́n ẹ wo iṣẹ́ tí òfin náà ń ṣe. Kò sí obìnrin tó ń dùbúlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹta, tí àyà rẹ̀ ń já pé ọkọ òun ń retí nǹkan. Kò sí ọkùnrin tó ń rò pé ìyàwó òun ti kọ òun. Ìlú ti bá àwọn méjèèjì sọ ọ́ kí wọ́n tó fẹ́ra.

Mi ò wá yin àtijọ́ o. Ìsinmi ìyá ọmọ nígbà náà ní ẹni tó ń san owó rẹ̀. Ọkọ tó ń fi ọdún mẹ́ta yẹra fún ìyàwó kan sábà máa ń ní òmíràn. Obìnrin tí kò rọ́mọ bí ló ń gbọ́nmi fún ẹni tó bí, ta ló bi í léèrè bó ṣe rí lára rẹ̀? Ọmọ sì ń kú gan-an. Nítorí ikú ọmọdé ni dókítà David Morley, láti ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, ṣe dá kíliníìkì fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sílẹ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé lọ́dún 1957. Káàdì tó fi ń kọ ìwọ̀n ọmọ sílẹ̀ tàn dé gbogbo àgbáyé, irú rẹ̀ sì ni ẹ ń kì bọ inú báàgì lónìí bí ẹ bá ń lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ohun àmúyangàn ni fún ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà àti fún gbogbo Ọ̀ṣun. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, ọmọ la ń gbé lé òṣùwọ̀n. Kò sẹ́ni tó wọn ìyá rẹ̀ wò.

Ní ọdún 1957 yẹn kan náà, E. E. LeMasters ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde. Ó bá tọkọtaya 46 tó ti bí àkọ́bí wọn sọ̀rọ̀, 38 nínú wọn sì sọ pé ìdààmú ńlá ni ọmọ náà dá sílẹ̀ láàárín àwọn. Kì í ṣe pé ìgbéyàwó wọn kò dára tẹ́lẹ̀; èyí tó pọ̀ jù nínú wọn dára. Àwọn tó wá lẹ́yìn rẹ̀ ní ó fẹ ọ̀rọ̀ náà lójú díẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí John Gottman àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ tiwọn jáde lọ́dún 2000, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìyá ọmọ tuntun ni adùn ìgbéyàwó wọn ti dín kù. Ìdá kan tó kù ló wù mí láti sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Kí ló yà wọ́n sọ́tọ̀? Ọkọ tó ń fi ìfẹ́ rẹ̀ hàn lójú ayé ni, ọkọ tó mọ ohun tí ìyàwó rẹ̀ ń là kọjá lójúmọ́, tó mọ̀ ọ́n láìjẹ́ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pariwo mọ́ ọn.

Ní báyìí, ẹ bá mi dé yàrá-àti-pálọ̀ kan ní Parakin, tàbí ní Mòdákẹ́kẹ́, tàbí lójú ọ̀nà Ẹdẹ. Ẹ má béèrè orúkọ wọn, ẹ mọ̀ wọ́n. Aago méjì òru ti lù, iná ti lọ, ooru mú. Ọmọ ti jí lẹ́ẹ̀kẹta.

“Dádì, ẹ ti sùn ni?”

“Kí ni mo tún ṣe báyìí?”

“Mo kàn béèrè ni.”

“Àbí o ò mọ̀ pé mo ń lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀?”

“Èmi wá ń kọ́? Ṣé ibi tí mo wà yìí ni ẹ̀ ń pè ní ìsinmi?”

Níbẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Tí wọ́n bá ro ẹjọ́ náà lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, obìnrin á sọ pé ọkọ òun kò bìkítà, ọkùnrin á sọ pé ìyàwó òun ń sọ̀rọ̀ sí òun ṣákálá. Àwọn méjèèjì ò purọ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí kò sẹ́ni tó bi wọ́n kí ọmọ tó dé ni pé ta ni yóò gbé ọmọ lóru. Nínú agbo ilé, ìdáhùn wà nílẹ̀ kí wọ́n tó béèrè. Nínú yàrá-àti-pálọ̀, àwọn ni wọ́n máa dá a fúnra wọn, aago méjì òru kì í sì í ṣe àkókò tí èèyàn ń ṣètò ilé.

Níbo wá ni yèyé wà? Ìyá ọkọ ṣì ń tajà ní Odò-Ògbè, bí kò bá tajà fún oṣù kan, gbèsè ọjà á ká a mọ́. Ìyá ìyàwó ní tirẹ̀ ti lọ bá ẹ̀gbọ́n ìyàwó wẹ ọmọ ní London. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ó wọ́pọ̀. Físà àbẹ̀wò tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń fúnni lè gba oṣù mẹ́fà gbáko, ọmọ tó wà lókè òkun sì lówó ọkọ̀ òfurufú. Àwọn Yorùbá tó wà níbẹ̀ kò ní agbo ilé, wọ́n sì mọ̀ pé wọn kò ní, nítorí náà wọ́n ń ṣètò: wọn á ti bẹ̀rẹ̀ ìwé físà ìyá láti ìgbà oyún. Àwa tí a wà ní Ifẹ̀ rò pé a ṣì ní agbo ilé, a kò sì ṣètò nǹkan kan.

Bí yèyé bá sì wá, ọ̀rọ̀ ò tíì tán. Ìyá ọkọ ni àbí ìyá ìyàwó? Mo ti rí ilé tí ìyá méjèèjì pàdé lórí ọmọ kan, tí ọ̀kan ní kí wọ́n fún un lómi mu, tí èkejì ní nọ́ọ̀sì sọ pé omi ọmú nìkan títí oṣù mẹ́fà. Nọ́ọ̀sì ló tọ̀nà. Ṣùgbọ́n ta ló máa sọ fún ìyá àgbà? Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ọkọ sọ fún ìyá tirẹ̀, kí ìyàwó sọ fún ìyá tirẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má rán ẹnì kejì ní irú iṣẹ́ yìí. Ìyàwó tí ọkọ jẹ́ kó dá kojú ìyá ọkọ ní ọ̀sẹ̀ kejì ìbímọ kì í gbàgbé rẹ̀ bọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ owó, kí inú sì bí ẹni tó bá fẹ́ bínú. Ìkómọjáde ti gba ilé mọ́ wa lọ́wọ́. Ọjọ́ kẹjọ dára, oyin, iyọ̀, ataare, obì, orúkọ, gbogbo rẹ̀ kò wọ́nwó. Kánópì, aṣọ ẹbí, ẹ̀rọ gbohùngbohùn àti kúlà oúnjẹ ló wọ́nwó. Ìyá tí ojú ọgbẹ́ rẹ̀ kò tíì san, tí wọ́n fi abẹ bí ọmọ rẹ̀ fún, a gbé e sórí àga láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ kí ó máa dáhùn “Ẹ kú ewu ọmọ.” Lọ́jọ́ kẹsàn-án, kò sẹ́nì kankan mọ́, gbèsè ló ṣẹ́ kù. Ìdajì owó yẹn lè sanwó ẹni tí yóò máa fọ aṣọ, tí yóò máa gbọ́nmi, fún oṣù méjì. Èwo ló mú àlàáfíà wá fún ìgbéyàwó? Mi ò rí ọkùnrin kan tó kọ ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀ nítorí pé kánópì kò pọ̀.

Ìjọba náà ti gbé ẹsẹ̀ kan. Òṣìṣẹ́ obìnrin ìjọba àpapọ̀ ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ 16. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, wọ́n kéde ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ 14 fún òṣìṣẹ́ ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ bá bímọ, kò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín ọdún méjì, kò sì ju ọmọ mẹ́rin lọ. Ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti ilé ìwòsàn ńlá rẹ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kan ọ̀pọ̀ yín tí ẹ jókòó níwájú mi. Ọjọ́ 14 náà kì í ṣe ti bọ́ọ̀lù o. Ní ti àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni, òfin òṣìṣẹ́ fún obìnrin ní ọ̀sẹ̀ 12, ó sì yẹ kí ẹni tó ti lo oṣù mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́ gba ó kéré tán ìdajì owó oṣù rẹ̀. Aránṣọ, onídìrí, ẹni tó ń ta ẹ̀fọ́, kò sí òfin kan tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọkọ wọn tó ń gun ọ̀kadà náà kò ní. Lọ́dọ̀ àwọn wọ̀nyí, ẹgbẹ́ àjọ, ẹgbẹ́ ìyá ìjọ àti aládùúgbò ni ìsinmi ìbímọ. Ẹgbẹ́ tó bá lè pín oúnjẹ níbi òkú, ó lè pín ọjọ́ ìfọṣọ láàárín ara rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Mo ti sọ̀rọ̀ títí nípa ètò. Ibì kan wà tí ètò nìkan kò lè ràn wá lọ́wọ́, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ kí ẹ tẹ́tí sí jù.

Ọ̀pọ̀ ìyá ọmọ máa ń sunkún láìnídìí láti bí ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìbímọ. Èròjà ara tó ga nígbà oyún ló já wálẹ̀ lójijì, oorun kò sì tó. Ìyẹn kì í kọjá ọ̀sẹ̀ méjì. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, tí obìnrin kò lè sùn bí ọmọ tilẹ̀ sùn, tí nǹkan kan kò dùn mọ́ ọn mọ́, tó ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi, tó ń sọ pé ó sàn kí òun kú, ìsoríkọ́ ni, àìsàn sì ni. Abiodun Adewuya àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí rẹ̀ nítòsí wa níbí, ní Iléṣà, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 2005. Wọ́n yẹ obìnrin 876 wò ní ọ̀sẹ̀ kẹfà lẹ́yìn ìbímọ. Ìdá 14.6 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní ìsoríkọ́. Bí ìyá ogún bá jókòó lórí bẹ́ńṣì àjẹsára ní Ẹlẹ́yẹlé, ẹ fojú inú wò ó pé mẹ́ta lára wọn ń gbé e lọ́kàn, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí nọ́ọ̀sì.

Lára ohun tó fara hàn nínú ìwádìí náà gẹ́gẹ́ bí ohun tó ń fi kún un ni kí wọ́n ti dá obìnrin dúró sílé ìwòsàn nígbà oyún, kó bímọ kí oṣù tó pé, kó wà láìlọ́kọ, àti kí ọmọ náà jẹ́ obìnrin. Ẹ jẹ́ kí n dúró lórí èyí tó gbẹ̀yìn. Kò sí nǹkan kan nínú ara ọmọbìnrin tó ń kó ìsoríkọ́ ran ìyá rẹ̀. Ẹnu wa ló wà níbẹ̀. Èmi kò mọ ọ̀nà mìíràn tí mo lè gbà túmọ̀ rẹ̀. “Ọlọ́run á fi ọkùnrin tẹ̀ lé e” tí ẹ ń sọ lójú ìyá ọmọ, ẹ rò pé àdúrà ni.

Ohun tó mú kí èyí jẹ́ ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ni pé ìsoríkọ́ kì í wọlé pẹ̀lú orúkọ rẹ̀. Lójú ọkọ, ó jọ ìgbéraga. Obìnrin kò dáhùn, kò wẹ̀ lákòókò, kò fẹ́ kí ọkọ fọwọ́ kan òun, ó ń bínú lórí ṣíbí. Ọkọ á ní ó ti yí padà. Ọkùnrin náà lè ṣàìsàn o: àkójọ ìwádìí láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ fi hàn pé nǹkan bí ẹnì kan nínú bàbá mẹ́wàá ni ìsoríkọ́ ń mú láàárín ìgbà oyún àti ọdún kìíní ọmọ. Tiwọn máa ń jọ ìwà ọtí, ìwà àpẹ́kówọlé, ìwà ìbínú. A sì tún pe gbogbo rẹ̀ ní ìwà.

Àbísínwín yàtọ̀ sí ìsoríkọ́ pátápátá. Kò wọ́pọ̀, ó ń ṣe ẹnì kan tàbí ẹni méjì nínú ẹgbẹ̀rún ìbímọ, ó sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ lójijì nínú ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Oorun á lọ, ọ̀rọ̀ á máa wọ́ra wọn, á máa gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, ó lè máa sọ ohun àjèjì nípa ọmọ. Ẹ má fi ọmọ sílẹ̀ fún un nìkan, ẹ má sì fi òun náà sílẹ̀ ní òun nìkan. Ilé ìwòsàn ni lọ́jọ́ náà, ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ wà ní ilé ìwòsàn ńlá wa níhìn-ín. Orí òkè àdúrà kò ní í sá lọ, inú ọkọ̀ sì gba àdúrà. Àìsàn náà sábà máa ń lọ pátápátá tí a bá tọ́jú rẹ̀. Ọkọ tó kọ ìyàwó nítorí rẹ̀ kọ ẹni tí ara rẹ̀ ì bá ti yá kí ọdún tó yí po.

Ìtọ́jú ìsoríkọ́ kò jìnnà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ láti Ìbàdàn gbìyànjú rẹ̀ ní kíliníìkì 29 ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Aláboyún 686 tí ìsoríkọ́ mú ni wọ́n bá lò, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera alábọ́ọ́dé tí wọ́n kọ́ ló sì tọ́jú wọn, kì í ṣe dókítà ọpọlọ. Wọ́n pín wọn sọ́nà méjì, ọ̀nà kan jinlẹ̀ ju èkejì lọ. Ní oṣù mẹ́fà lẹ́yìn ìbímọ, ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ló ti bọ́ nínú rẹ̀ lọ́nà kìíní, ìdá 66 lọ́nà kejì. Ẹ ò rí i pé èyí tó rọrùn pàápàá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú èyí tó le. Bíbéèrè lọ́wọ́ obìnrin, kí a sì gbọ́ ọ dópin, ti jẹ́ ìdajì oògùn. Dókítà ọpọlọ Adéoyè Lambo mọ irú èyí ní Aró, Abẹ́òkúta, láti ọdún 1954, tó ń fi aláìsàn sí ilé àwọn ará abúlé, tó sì ní ìbátan kan gbọ́dọ̀ bá a wá. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ̀yin ni ìbátan náà.

Kí ọmọ tó dé, nígbà tí oyún bá ti wọ oṣù keje, ẹ jókòó. Ẹ sọ ta ni yóò gbé ọmọ lóru. Ọkùnrin kò ní ọmú, ṣùgbọ́n ó lè gbé ọmọ wá fún ìyá, ó lè gbá a lẹ́yìn títí yóò fi gùnfẹ̀, ó lè pa aṣọ ìdí rẹ̀ dà. Bí iṣẹ́ rẹ̀ kò bá gbà á lóru, kí ó gba ọmọ láti aago mẹ́fà sí mẹ́jọ àárọ̀ kí ìyá rẹ̀ sùn. Ẹ sọ iye tí ìkómọjáde máa jẹ, kí ẹ sì kọ́kọ́ yọ owó olùrànlọ́wọ́ kúrò nínú rẹ̀. Ẹ sọ ìgbà tí ẹ fẹ́ padà sọ́dọ̀ ara yín. Lẹ́yìn àyẹ̀wò ọ̀sẹ̀ kẹfà ni àwọn nọ́ọ̀sì sábà máa ń dábàá, bí obìnrin náà bá ti ṣe tán, ẹ sì béèrè ìfètòsọ́mọbíbí lọ́jọ́ yẹn, nítorí oyún lè dé kí nǹkan oṣù tó padà. Bí ẹ bá sọ ọ́ sílẹ̀ tí kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ tún un sọ. Ó ṣì sàn ju aago méjì òru lọ.

Ẹ̀yin alákòóso ìlera ní Ifẹ̀ Àárín Gbùngbùn, ní Ifẹ̀ Ìlà-Oòrùn, ní gbogbo ìpínlẹ̀ yìí, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo mú wá bá yín. Ìyá ọmọ ń bọ̀ wá bá yín fún àjẹsára ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ní ọ̀sẹ̀ kẹwàá, ní ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá. Ìwé ìbéèrè mẹ́wàá tí wọ́n ṣe ní Edinburgh lọ́dún 1987 láti fi mọ ìsoríkọ́ ìyá ọmọ wà, kò gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àwọn oníwádìí wa sì ti lò ó ní ilẹ̀ yìí. Ẹ fi sí orí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ òṣùwọ̀n. Ẹ ya àga kan sọ́tọ̀ fún bàbá ọmọ náà, kí ẹ sì kọ ọ́ sórí káàdì pé kí ó wá.